Ohun Tí Mo Lọ Wò ní Songhaï, ní Àjàṣẹ́

Ọ̀rọ̀ maṣín ìránṣọ ló gbé mi dé Àjàṣẹ́, ní orílẹ̀-èdè Benin. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àjọ kan láti òkè òkun wá bá àwọn opó tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ní Àgbádárìgì. Wọ́n kọ́ méjìlá nínú wọn ní iṣẹ́ télọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní maṣín tuntun, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n bá tiwọn lọ. Kí ọdún tó yí po, àwọn mẹ́sàn-án ti ta maṣín wọn. Mo bínú sí wọn, títí ọ̀kan fi sọ fún mi pé, "Àǹtí, ta ni ká rán aṣọ fún? Ilé wo ni kò sí télọ̀ ní àdúgbò yìí?" Mi ò rí èsì fọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ni níṣẹ́ ní Songhaï, ibùdó ìkọ́ṣẹ́ àgbẹ̀ kan ní Àjàṣẹ́.

Ọ̀nà ò jìn, ibùdó àyẹ̀wò ló pọ̀. Ní bodè Ṣẹ̀mẹ̀, mo ṣẹ́ náírà sí sẹ́fà, mo wọ tasí, a gba orí afárá ọ̀sà wọ ìlú. Porto-Novo ni wọ́n kọ sójú ìwé, Hogbonu ni àwọn Gùn ń pè é, ṣùgbọ́n ìyá alákàrà tí mo bá lọ́jà Ouando, "Ẹ kú ìrìn o, ẹ kú ewu ọ̀nà" ló fi kí mi. Ọkàn mi balẹ̀.

Ouando yìí náà ni Songhaï wà. Godfrey Nzamujo, àlùfáà Kátólíìkì, ọmọ Nàìjíríà tó ti ṣe olùkọ́ yunifásítì ní California, ló dá a sílẹ̀ ní 1985. Ìyàn tó ń jà káàkiri Áfíríkà nígbà náà ni kò jẹ́ kó lè jókòó sí Amẹ́ríkà. Ìjọba Benin fún un ní ilẹ̀ hẹ́kítà 1 péré, ilẹ̀ tó ti ṣá, òun àti àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ tí wọn kò ríṣẹ́ ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ ń ti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi wá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Nàìjíríà náà sì ti rán ọmọ lọ.

Wọ́n fi àgbẹ̀dẹ hàn mí, níbi tí wọ́n ti ń fi irin àlòkù rọ ẹ̀rọ oko. Mo rí ewé kan tó máa ń léfòó lórí ọ̀sà bí ojú oró, tó ń dí ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi lọ́dọ̀ tiwa náà. Wọ́n ń kó o pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ ẹran sínú ihò, ó ń di gáàsì ìdáná. Ṣùgbọ́n ìdí ìdin ni mo ti pẹ́ jù.

Ìdin ni mo wí. Wọ́n da ìfun adìyẹ sínú àwo fífẹ̀, wọ́n jẹ́ kí eṣinṣin yé sí i. Ọmọkùnrin kan láti Ṣakí bu ìdin náà kún garawa, ó dà á sínú odò ẹja àrọ̀. Omi náà hó yàà, bí ìgbà tí èèyàn da ata sínú epo gbígbóná. Ó yọ ìwé kékeré kan lápò, ó kọ iye garawa tó dà sílẹ̀. "Ẹ wò ó mà, oúnjẹ ẹja ló ń jẹ gbogbo èrè àwọn tó ń sìn ín nílé. Bí mo bá lè dín in kù, owó dé nìyẹn." Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ wọn. Ó ní nígbà tí òun kọ́kọ́ dé, ọwọ́ olùkọ́ lòun ń wò, òun ò gbọ́ ẹnu rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti rí àṣìṣe wa. Ní Songhaï, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ń lò ju ọdún kan lọ, ohun tó bá sì mú jáde, ọjà ni wọ́n ń gbé e lọ. Ó mọ ẹni tó ń rà á kó tó padà sílé. Àwa kọ́ obìnrin níṣẹ́, a ò bi ọjà léèrè.

Mo bi ọmọ Ṣakí léèrè ibi tó máa padà sí. Ó ní ilẹ̀ bàbá òun ń bẹ. Mo bi ọmọbìnrin kan láti Togo tó dúró tì í, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó wá ní àwọn ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin ló ni ilẹ̀. Ó tún yíjú sí ẹja. Ẹ̀dùn ọkàn bá mi, torí àwọn opó mi ni mo rí lójú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn, ọjọ́ tí ọkọ kú ni ẹbí gba oko. Kò sí ẹ̀kọ́ tó lè gbilẹ̀ níbi tí obìnrin kò ti ní ilẹ̀ tó máa tẹ̀ ẹ́ lé, mo sì gbà pé ó yẹ kí gbogbo àjọ tó bá fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ kọ́kọ́ jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí kí wọ́n tó ra maṣín kan ṣoṣo.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, èmi àti méjì nínú àwọn opó náà gbé obì àti ọtí lọ bá olórí ẹbí kan ní Àgbádárìgì. Ilẹ̀ púlọ́ọ̀tì méjì tó wà lẹ́yìn ilé wọn la ń tọrọ, kí gbogbo wọn jọ máa lò ó. Bàbá gba obì, wọn ò pa á. Wọ́n ní àwọn máa bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, ká padà wá lẹ́yìn Jímọ̀.