Ẹja Ojú Dígí ti Odò Maumee

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ní ìparí oṣù kẹta, mo wà létí adágún Ẹlẹ́yẹlé ní Ìbàdàn, níbi tí mo ti máa ń dẹ ìwọ̀, nígbà tí àbúrò mi tó ń gbé ní Toledo, ní ìpínlẹ̀ Ohio, pè mí lórí fídíò. Aago 7 fẹ́rẹ̀ẹ́ lù lọ́dọ̀ wa. Aago 2 ọ̀sán ni lọ́dọ̀ tirẹ̀, ó sì dúró sínú odò Maumee pẹ̀lú ṣòkòtò rọ́bà tó dé àyà. Ẹja tó gbé sókè gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ara rẹ̀ pọ́n bí idẹ, ẹyinjú rẹ̀ tóbi, ó sì ń dán bí dígí. Walleye ni wọ́n ń pè é.

Tí òtútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ní oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, ni àwọn ẹja yìí máa ń kúrò nínú adágún ńlá Erie, tí wọ́n á gba inú odò Maumee gòkè lọ yé ẹyin sórí òkúta wẹ́wẹ́. Àwọn akọ ló ń kọ́kọ́ dé. Ìsàlẹ̀ omi gan-an ni wọ́n ń gbà, nítorí pé omi tó ń sáré lójú kì í sáré tó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀, wọ́n sì máa ń sinmi lẹ́yìn àpáta àti níbi tí omi líle ti pàdé omi pẹ̀lẹ́. Ìdí nìyí tí àbúrò mi fi so òjé mọ́ okùn kí ó lè máa wọ́ nílẹ̀ odò, tí ìwọ̀ tó léfòó díẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Omi fúnra rẹ̀ ni yóò gbé e dé iwájú ẹja. Òjé tó bá wúwo jù yóò há sáàárín òkúta, èyí tó bá sì fúyẹ́ jù yóò kọjá lórí ẹja láìjẹ́ pé ó mọ̀. Òjé mẹ́rin ló ti sọ nù láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo sì rẹ́rìn-ín, bí ẹni pé èmi náà kò ti fi ìwọ̀ tó pọ̀ bọ́ òjúoró Ẹlẹ́yẹlé. Òfin ibẹ̀ le ju tiwa lọ: wọn kò gbà kí ènìyàn pa ẹja lóru ní àkókò yìí, ẹja tí ìwọ̀ bá sì kọ́ níhà tàbí nírù, dandan ni kí a dá a padà sínú omi.

Bàbá apẹja kan tó ń tú àwọ̀n nítòsí mi yọjú wo fóònù náà.

“Kò nírùngbọ̀n bíi ti àrọ̀,” ni Bàbá wí. “Kí ló wá fi ń wá oúnjẹ nínú òkùnkùn, ọmọ mi?”

“Ojú ni, Bàbá. Nǹkan kan wà lẹ́yìn ẹyinjú rẹ̀ tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, bíi ti ológbò. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i lóru, ẹ ó rí i.”

Bàbá ní àrọ̀ òun kò nílò tọ́ọ̀ṣì.

Láti ọdún 1942 tí wọ́n ti sé odò Ọ̀nà láti fi ṣe adágún Ẹlẹ́yẹlé, omi ibẹ̀ kò sáré mọ́, nítorí náà n kò kọ́ bí a ti ń wo ìṣàn omi rí. Mo kàn ń ju ìwọ̀ ni, mo sì ń dúró. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí apá òkè, níbi tí odò náà ti ń ṣàn bọ̀, mo wá àpáta kan tí omi ń pín sí méjì lára rẹ̀, mo fi ekòló àti òjé kékeré kan dán an wò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni òjé há. Nígbà kẹta, àrọ̀ kan tó gùn tó apá mi dé ìgúnpá ló gbé e, ẹnu gan-an ni ìwọ̀ sì ti kọ́ ọ.