Ọjọ́ Wo Ló Ń Bọ̀?

Ní nǹkan bí aago méjì òru ọjọ́ Sátidé kan, mo pa laptop dé, mo ní orin ti parí. Ìgbà kẹta nìyẹn tí màá sọ bẹ́ẹ̀. Orin náà ò tiẹ̀ gùn, kò pé ìṣẹ́jú mẹ́rin: gìtá oníná, béèsì, ìlù tí mo tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, àti ohùn tèmi tí mo gbà sílẹ̀ lábẹ́ dùfẹ́ẹ̀tì kí ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò má baà wọ inú rẹ̀. Rock ni. Bẹ́ẹ̀ ni, rock ní èdè Yorùbá. (Àwọn kan á ní rock kì í ṣe tiwa. Mo máa ń rán wọn létí BLO, àwọn mẹ́ta tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1972, àti Ofege, àwọn ọmọ ilé-ìwé St. Gregory's, tí wọ́n ti ń fi gìtá oníná hu kí wọ́n tó bí èmi.) Ègbè rẹ̀ ò ju gbólóhùn kan lọ: "Òjò ń bọ̀, ẹ kó aṣọ wọlé."

Mo fi ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́rin. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń lu drum set ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀gbọ́n kan tí wọ́n ti ń ta béèsì láti ìgbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ọ̀rẹ́ kan tó ń ṣe mix fún àwọn onífújì, ìyẹn ni pé ó ń po ohùn àti ohun èlò pọ̀ kí wọ́n lè dún bí orin kan. Àti àbúrò mi obìnrin, tí kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ yìí, tí kò sì fẹ́ mọ̀.

Kí n má parọ́, "ó dùn gan-an" ni mò ń retí. Onílù ló kọ́kọ́ dáhùn. Voice note rẹ̀ ò gùn rárá: "Ọ̀gá, mo ti gbọ́ ọ o. Ọjọ́ wo ló ń bọ̀? Ọjọ́ ìdájọ́ ni àbí ọjọ́ ìgbéyàwó ẹ?"

Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, inú bí mi. Mo padà gbọ́ orin náà, òjò ni mo gbọ́. Mo tún un gbọ́, òjò ni. Ṣé ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, tó sì gba ohùn rẹ̀ ní ìgbà mẹ́tàdínlógún, tún lè gbọ́ nǹkan mìíràn? Mo pe àbúrò mi, n kò sọ ohun tí onílù sọ fún un. Mo ní, "Kí ni mò ń sọ nínú ègbè yẹn?" Ó ronú díẹ̀. "Ọjọ́ ń bọ̀, ẹ kọ́ aṣọ sílé. Àbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀?" Ó rò pé orin ọdún Iléyá ni, pé kí èèyàn tètè kọ́ aṣọ tuntun sí wọ́dúróòbù.

Onílù ní kí n gbé ohùn sókè. Mo gbé e sókè ní dB mẹ́ta (dB la fi ń wọn bí ohùn ṣe ròkè tó). Ohùn wá léfòó lórí orin bí epo lórí omi, ó dà bí ẹni tó ń kọrin tẹ̀ lé rédíò nínú yàrá kejì. Àbúrò mi ṣì ń gbọ́ ọjọ́. Ohun tó ń dun onílù kì í ṣe irọ́, àmọ́ oògùn tó júwe ni kò bá àìsàn náà mu.

Ó gbà mí ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn kí n tó rí i pé àìsàn méjì ló wà ńbẹ̀. Àkọ́kọ́, èmi fúnra mi ni. Gìtá ni mo fi wá orin náà rí kí n tó rí ọ̀rọ̀ fi sí i, bẹ́ẹ̀ orin ọ̀hún ń gòkè ní ìbẹ̀rẹ̀ ègbè. Òjò, dò dò ni. Èmi kọ ọ́ ní re mí. Re mí sì ni ọjọ́. Àwọn tó túmọ̀ orin ìsìn sí Yorùbá láyé ọjọ́un, tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ wa há inú orin àwọn òyìnbó, bá ìṣòro yìí pàdé, ẹni tó bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì dáadáa mọ̀ pé wọn ò borí rẹ̀ nígbà gbogbo. Mo ti fi wọ́n ṣẹlẹ́yà rí. Ó ti kàn mí báyìí.

Èkejì, gìtá ni. Ẹ pe "o", kí ẹ pe "ọ", ẹ ó rí i pé ẹnu kàn là sí i díẹ̀ ni. Ìlàsí kékeré yẹn ni etí fi ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀, agbègbè bíi 400 sí 600 Hz ló sì wà (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Ibẹ̀ gan-an ni gìtá mi méjèèjì tẹ́ ẹní sí. Tí gìtá bá ti bò ó, ohùn re mí nìkan ló kù tí etí lè dì mú, ohun tí re mí bá sì pè é ni etí á gbà.

Ọ̀rẹ́ mi onífújì ló là mí lójú lórí ìyẹn. Kò tiẹ̀ gbọ́ orin náà parí tó fi pè mí. "Má fọwọ́ kan ohùn mọ́. Gìtá ni kó o yẹ̀ lọ́nà." Ó ní tí òun bá ń ṣe mix fún onífújì kan tó ń kọrin, tí gángan náà sì ń fọhùn, ìlù ń sọ̀rọ̀, olórin ń sọ̀rọ̀, tí òun bá kó àwọn méjèèjì sí àárín, ìjà ni. Nítorí náà òun máa ń ti gángan sí ẹ̀gbẹ́ kan, òun á sì gé díẹ̀ kúrò lára rẹ̀ níbi tí ohùn olórin ti nípọn, àfi ìgbà tí olórin bá mí ni òun máa ń dá a padà. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún gìtá. Mo gé dB mẹ́rin kúrò ní nǹkan bíi 500 Hz, níbi ègbè nìkan. Nígbà tí mo dá gìtá gbọ́, ó tín-ín-rín, àánú ẹ̀ ṣe mí. Nígbà tí mo jẹ́ kí gbogbo wọn jọ dún, n kò mọ̀ pé mo mú nǹkan kan kúrò.

Ti ẹ̀gbọ́n wá. Wọ́n pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ Mọ́ńdè: "Àbúrò, ta ló ta béèsì yìí fún ẹ? Ṣé ó ti rìnrìn àjò ni?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, béèsì yẹn ti pọ̀ jù nílé níbí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dín in kù ni." Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀.

Yàrá mi wà ní Agbowó, ní Ìbàdàn, ẹsẹ̀ bàtà 10 níbùú, ẹsẹ̀ bàtà 10 lóòró. Tábìlì mi kọjú sí fèrèsé, àga mi sì fẹ̀yìn ti ògiri torí pé kò síbòmíràn tí bẹ́ẹ̀dì fi sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ò jókòó. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí béèsì máa dún nìkan lórí ohùn tí à ń pè ní A, kí n sì dìde kúrò lórí àga, kí n rìn lọ sí àárín yàrá. Mo rìn. Béèsì náà kàn pòórá. Mo padà sẹ́yìn, ó padà dé, ó ń gbọn ilẹ̀kùn. Mo lọ, mo bọ̀, bí ẹni tó ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ìṣirò rẹ̀ ò le. Ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá jẹ́ mítà 3.05. Ohùn tí ìgbì rẹ̀ bá gùn ní ìlọ́po méjì ìyẹn á máa lọ, á máa bọ̀ láàárín ògiri méjèèjì, á sì máa gbé ara rẹ̀ lárugẹ: 56 Hz nìyẹn. Òwú A lára gìtá béèsì, tí ọwọ́ ò bá tẹ̀ ẹ́, 55 Hz ni. Inú A ni orin mi wà. Ìbú àti òòró yàrá tún wá dọ́gba, kí ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè jọ pa òwe kan náà. Èmi tí mo fẹ̀yìn ti ògiri, níbi tó ti ń pọ̀ jù lọ, ni mo wá ń gé béèsì kúrò nínú orin nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí yàrá dá.

Àwọn nǹkan tí wọ́n ń kó sí igun yàrá láti gbé béèsì mì wọ́n ju agbára mi lọ. Mo fa àga síwájú bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, mo gbé fóòmù àtijọ́ kan dúró sí igun, mo sì pinnu pé headphone ni mo máa fi dájọ́ béèsì láti ọjọ́ náà lọ. Mo dá dB márùn-ún padà fún un. Ẹ̀gbọ́n jẹ ẹ̀bà mi kí wọ́n tó lọ.

Ẹ̀dà tó tẹ̀ lé e, gbogbo wọn yìn ín. Inú mi dùn títí ẹ̀gbọ́n fi béèrè bóyá mo gbé limiter sí i, ohun tó ń dí ariwo lọ́nà kó má kọjá ààlà, kí èèyàn lè gbé gbogbo orin sókè. Mo ti gbé e, mo sì ti jẹ́ kó pariwo ju ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kí n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí ó bá èyí àtijọ́ dọ́gba, kí n tó fi méjèèjì wéra. Ìdajì ìyìn náà bá ariwo lọ.

Fóònù àbúrò mi, tó ní sípíkà ẹyọ kan, ló wá tú àṣírí mi. Gìtá ẹyọ kan ni mo ta. Mo ṣe àdàkọ rẹ̀, mo sún àdàkọ náà sẹ́yìn díẹ̀, mo fi ọ̀kan sápá òsì, ìkejì sápá ọ̀tún, kó lè dà bíi pé èèyàn méjì ló ń ta á. Lórí fóònù, àwọn méjèèjì pàdé, wọ́n sì ń pa ara wọn jẹ níbì kan, wọ́n ń kún ara wọn níbòmíràn, bí eyín òòyà. "Gìtá ẹ ń sọ̀rọ̀ látinú páìpù," ló wí. Mo jókòó, mo ta á lẹ́ẹ̀kejì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọ̀lẹ ló fà á tí n kò ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo tún ègbè kọ. Ó ń bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ báyìí, dò dò, kí gìtá tó máa gòkè láìsí èmi nínú rẹ̀. Mo fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì. Àbúrò mi ní, "Háà, òjò ni!" bíi pé òun ló rí i. Onílù náà ní òjò ti dé lóòótọ́, ó sì bi mí bóyá agolo mílíìkì ni mo fi ṣe snare, ìlù tó ń dún "ká" nínú drum set. Kí n má baà jiyàn, ó lu agolo kan ní kíṣínì rẹ̀, ó gbà á sílẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́. Mo fi méjèèjì wéra, mo kọ́kọ́ mú wọn dọ́gba o. Wọ́n jọra.