Rédíò lọ́jọ́ àjálù: ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ rédíò, bí àjálù bá ṣẹlẹ̀, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni ìròyìn: èèyàn mélòó ló kú, kí ni gómìnà sọ, mílíọ̀nù mélòó ló ṣòfò. Àwọn tó wà lókèèrè ni ìyẹn wà fún. Ẹni tí àgbàrá gbé ilé rẹ̀ lọ ti mọ̀ pé òun ò nílé mọ́. Ohun tí kò mọ̀ ni ibi tí yóò ti rí omi mu lónìí, ọ̀nà tó ṣì ṣeé gbà, àti ibi tí ọmọ rẹ̀ wà. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ dá lóhùn.

Nígbà tí mò ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ Hàítì ló là mí lójú jù. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní ọdún 2010, ilẹ̀ mì tìtì ní Port-au-Prince, olú-ìlú wọn, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ rédíò sì dákẹ́. Signal FM kò dákẹ́. Ilé wọn ò wó, jẹnẹrétọ̀ wọn ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ tọ̀sán-tòru. Fóònù ò lọ dáadáa, nítorí náà àwọn èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn wá síbẹ̀ láti sọ orúkọ ẹbí wọn tí wọn ò rí, àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ á sì kà á jáde. Àwọn kan nínú yín ti sọ fún mi pé kíka orúkọ lọ rẹrẹ bẹ́ẹ̀ máa ń sú olùgbọ́. Kò lè sú ìyá tó ń retí orúkọ kan ṣoṣo.

Ẹ má sì fojú kéré ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ yẹn. Ẹ bi àwọn ẹnjiníà yín léèrè: dísẹ́ẹ̀lì tó wà nílẹ̀ yóò gbé wa fún wákàtí mélòó? Ṣé omi lè dé ibi tí ẹ̀rọ agbóhùnsáfẹ́fẹ́ wa wà? Ta ló ń gbé nítòsí, tó lè fẹsẹ̀ rìn dé sítúdíò bí mọ́tò ò bá lè kọjá?

Ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, òjò ọjọ́ kan ṣoṣo pa èèyàn tó lé ní 100, ó sì gbé ọ̀pọ̀ afárá lọ, ti Apẹ̀tẹ̀ wà lára wọn. Nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, “ẹ yẹra fún ọ̀nà tí omi ti bà jẹ́” kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Afárá wo? Ibo ni kí wọ́n gbà dípò rẹ̀? Ta ló rí i, aago mélòó ló sì rí i? Aago yẹn ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bí táńkà omi bá dé ilé ẹ̀kọ́ kan ní aago 10 àárọ̀, tí omi rẹ̀ tán lọ́sàn-án, tí ẹ ṣì ń ka ìkéde náà ní aago 4, ẹ ti rán aboyún tàbí arúgbó kan lọ síbi tí kò sí nǹkan kan. Kò ní í gbà yín gbọ́ lọ́la, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Nítorí náà, gbogbo bébà tó bá wọ sítúdíò gbọ́dọ̀ ní aago lára, àti orúkọ ẹni tó mú ọ̀rọ̀ wá. Kí ẹ tó tún un kà, ẹ pe ẹni náà padà. Bí ẹ ò bá rí i bá sọ̀rọ̀, ẹ yọ ọ́.

Ẹ rántí bátìrì olùgbọ́ pẹ̀lú. Ẹ yan àkókò pàtó tí ẹ ó máa ka ọ̀rọ̀ omi, oúnjẹ àti ìwòsàn, kí wọ́n lè pa rédíò wọn láàárín.

Ọ̀rọ̀ èdè ńkọ́? Nígbà tí ilẹ̀ mì ní Kobe ní Japan, ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1995, àwọn ará Kòríà àti Vietnam pọ̀ ní àdúgbò Nagata, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará Vietnam ni kò sì gbọ́ èdè Japan dáadáa. Wọ́n dá rédíò kéékèèké méjì sílẹ̀, ọ̀kan ní èdè Kòríà, èkejì ní èdè Vietnam àti àwọn èdè mìíràn, wọ́n sì wá da méjèèjì pọ̀ di ilé iṣẹ́ rédíò kan tó ń jẹ́ FM YY. Ní Japan lónìí, ìjọba ìbílẹ̀ lè fi fóònù tọrọ àṣẹ rédíò ìgbà àjálù. Ọ̀pọ̀ ìlú ló ṣí irú rẹ̀ lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì tìtì tí omi òkun sì ya wọ̀lú níbẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2011. Bí omi bá ya wọ Mákòkó, ta ni yóò sọ Ègùn lórí rédíò yín? Bó bá kan ọjà Kara létí odò Ògùn, ta ni yóò sọ Haúsá? Ẹ ti wá wọn kí òjò tó dé.

Èyí tó dùn mí jù nínú gbogbo ohun tí mo kà ni ti kọ́lẹ́rà tó bẹ́ sílẹ̀ ní Hàítì ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010 kan náà. Àrùn náà ṣàjèjì sí wọn. Àhesọ gba ìlú, àwọn kan fẹ̀sùn kan àwọn àwòrò Vodou, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ wọn, pé àwọn ló ń fi oògùn tan án kiri, wọ́n sì pa púpọ̀ nínú wọn láìṣẹ̀. “Ẹ má gba àhesọ gbọ́” kò lè gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ gbé dókítà wá sórí afẹ́fẹ́, kí ó ṣàlàyé pé omi tí ìgbẹ́ ti wọ̀ ló ń tan àrùn náà, kí ó kọ́ wọn bí a ṣe ń se omi mímu àti bí a ṣe ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà. Ẹ wá ṣí fóònù sílẹ̀ kí àwọn èèyàn bi í ní ìbéèrè, títí kan èyí tí wọ́n fi ìbínú bèèrè. Ohun tí kò bá tíì mọ̀, kí ó sọ pé òun ò tíì mọ̀. Ẹ sọ aago tí ẹ ó mú ìdáhùn padà wá, kí ẹ sì wà lórí afẹ́fẹ́ ní aago náà.