Ìkànnì Kéékèèké Gẹ́gẹ́ Bí Iṣẹ́ Oòjọ́

Láti ọdún 2003 tí Google ti gbé AdSense, ètò tó ń fi ìpolówó sórí ìkànnì tó sì ń pín owó rẹ̀ fún onílé ìkànnì, jáde ni ẹni tó ní ìkànnì kékeré lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ìbáà jẹ́ nípa oúnjẹ ọmọdé tàbí títún ẹ̀rọ amúnáwá ṣe, ti lè gba ìpolówó sórí rẹ̀ láìmọ olùpolówó kankan rí. Owó náà kì í jáde títí yóò fi pé 100 dọ́là, èyí tó lè gba ìkànnì tuntun kan ní oṣù púpọ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé inú àkáǹtì kan ni owó gbogbo ìkànnì ẹni ń wọ̀, àwọn kéékèèké a máa ran ara wọn lọ́wọ́. Ewu rẹ̀ náà wà níbẹ̀: bí wọ́n bá ti àkáǹtì yẹn pa, gbogbo wọn ló kàn.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ìwákiri lórí Google, tí òǹkàwé fi ń rí ìkànnì ẹni. Ní oṣù Kejì ọdún 2011, Google mú àyípadà tí wọ́n pè ní Panda wọlé sí bí ó ṣe ń to èsì ìwákiri, ọ̀pọ̀ ìkànnì tí kò ní ohun gidi nínú sì pàdánù òǹkàwé wọn. Nítorí náà ni mo ṣe ń gba àdírẹ́sì ímeèlì àwọn òǹkàwé tó bá fẹ́ kí n máa kọ̀wé sí àwọn. Ìyẹn kò sí lọ́wọ́ Google.