Kí Ni A Fẹ́ Pinnu?

Ní ibi iṣẹ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, àárọ̀ ọjọ́ Ajé kọ̀ọ̀kan ni a máa ń ṣe ìpàdé. Àwa ènìyàn 14 ni a máa ń jókòó, ọ̀gá wa yóò sì máa pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan kí a jábọ̀ ohun tí a ṣe ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Bí ẹnì kan bá ti ń jábọ̀, àwọn 13 yòókù kò ní iṣẹ́ kankan ju pé kí wọ́n dúró de ìgbà tí yóò kàn wọ́n. Ìpàdé tí wọ́n dá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún a máa gba wákàtí kan àti ààbọ̀. Mo ṣírò rẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo rí i pé wákàtí 21 ni gbogbo wa jọ ń lò níbẹ̀, èyí tí ó ju iṣẹ́ ọjọ́ méjì àti ààbọ̀ fún òṣìṣẹ́ kan lọ.

Àkókò tí ó ṣòfò yìí nìkan kọ́ ni ó dùn mí. Ọ̀dọ́bìnrin kan wà láàárín wa tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà. Ó ti rí àṣìṣe kan nínú iṣẹ́ tí gbogbo wa dáwọ́ lé, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ pátápátá ni orúkọ rẹ̀ wà, nígbà tí yóò bá sì fi kàn án, ọ̀gá ti ń palẹ̀ ìwé rẹ̀ mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ó fi gbé ọ̀rọ̀ náà sínú kí ó tó rí àyè sọ ọ́. Iṣẹ́ ti lọ jìnnà nígbà tí a gbọ́, a sì ní láti tú u palẹ̀ kí a tún un ṣe. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ronú lórí ohun tí ìpàdé wà fún gan-an.

Ní 1987, àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá méjì, Michael Diehl àti Wolfgang Stroebe, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ìdí tí àwọn tí wọ́n jókòó papọ̀ láti wá èrò tuntun fi máa ń rí èrò tí ó kéré sí ti iye ènìyàn kan náà tí olúkúlùkù wọn dá ronú, tí a wá kó èrò wọn jọ lẹ́yìn náà. Wọ́n rí i pé dídúró kí ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ tán ni ó fa púpọ̀ nínú àdánù náà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, òótọ́ ni, àmọ́ ọwọ́ mẹ́wàá lè ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnu mẹ́wàá kò lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ara wọn.

Ohun mìíràn tí ó ká mi lára ni ìwé pélébé kan tí OSS, àjọ amí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe ní 1944, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, láti kọ́ àwọn ará ìlú tí wọ́n wà lábẹ́ ọ̀tá bí wọ́n ṣe lè dá iṣẹ́ ọ̀tá náà rú. Ìwé náà sọ nípa bí a ṣe ń ba ẹ̀rọ jẹ́, ó sì sọ nípa ìpàdé pẹ̀lú: kí wọ́n máa gbé gbogbo ọ̀rọ̀ lọ fún ìgbìmọ̀, kí ìgbìmọ̀ náà má sì dín ní ènìyàn 5, kí wọ́n máa mú ọ̀rọ̀ tí kò kan ìpàdé wọlé, kí wọ́n máa jiyàn lórí bí a ṣe kọ àkọsílẹ̀, kí wọ́n sì tún máa padà sórí ohun tí a ti fẹnu kò sí tẹ́lẹ̀. Àyà mi já nígbà tí mo kà á, nítorí kò sí èyí tí a kì í ṣe lọ́jọ́ Ajé, bẹ́ẹ̀ kò sí ọ̀tá kankan láàárín wa.

Nígbà tí èmi náà wá di olórí ẹ̀ka kékeré kan, mo sọ fún àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pé ìròyìn kò ní máa pe ìpàdé mọ́, ìpinnu ni yóò máa pè é. Ìròyìn di ohun tí a ń kọ sílẹ̀ kí ọjọ́ Ẹtì tó parí, kí olúkúlùkù kà á nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí a pàdé yóò kọ́kọ́ kọ ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ni a fẹ́ pinnu? Yóò sì sọ ẹni tí ìpinnu náà yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tí wọ́n mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà àti àwọn tí yóò ṣe iṣẹ́ náà nìkan ni a ń pè. Èyí bí àwọn kan nínú, wọ́n rò pé a fẹ́ yọ àwọn sẹ́yìn, mo sì ní láti bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ara wọn tó balẹ̀.

Mo tún yá àṣà kan lọ́wọ́ Amazon, ilé iṣẹ́ tí ó ń tajà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí Jeff Bezos tí ó dá a sílẹ̀ ti fi òfin de àwòrán PowerPoint nínú ìpàdé àwọn aláṣẹ ní 2004, tí wọ́n fi ìwé tí wọ́n kọ dáadáa rọ́pò rẹ̀, tí gbogbo wọn yóò kọ́kọ́ jókòó kà ní ìdákẹ́jẹ́. Tiwa kò ju ojú ewé kan lọ. Ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà kọ́kọ́ ṣòro fún wa, ṣùgbọ́n nígbà tí a bá fi gbójú sókè, gbogbo wa ti mọ ohun kan náà. Lẹ́yìn náà, ẹni tí ó kéré jù lẹ́nu iṣẹ́ ni mo máa ń ní kí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, èmi ni mo sì máa ń sọ tèmi kẹ́yìn, nítorí bí ọ̀gá bá ti sọ èrò rẹ̀ tán, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni tún sọ òmíràn.

Ìpàdé tí àwọn ọ̀gá tèmi bá pè kò sí lọ́wọ́ mi. Bíbi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ pinnu lè dà bí àfojúdi, nítorí náà mo máa ń kọ̀wé sí wọn ṣáájú pé: “Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ fẹ́ kí n múra sílẹ̀ fún?” Nígbà mìíràn wọ́n a dáhùn, ó sì ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì pé wọ́n fagi lé ìpàdé náà.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, èmi gan-an fẹ́ pe ìpàdé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ ìbéèrè náà, kò jọ ìbéèrè. Mo dìde, mo lọ bá ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn níbi tí ó jókòó sí, a sì parí rẹ̀ lórí ìdúró.