Firefox ni mo fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì báyìí

Lánàá, àbúrò mi obìnrin gba fóònù mi láti fi ka ìròyìn. Kò pẹ́ tó fi bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn ìpolówó tó máa ń bo ojú ìwé yìí dà?"

Mo ní Firefox ni mò ń lò lórí Android mi, mo sì ti fi àfikún kan tó ń jẹ́ uBlock Origin kún un. Òun ló ń dí wọn lọ́nà kí wọ́n tó wọlé rárá, dátà tí wọn ì bá jẹ á sì ṣẹ́kù. Ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ ra dátà mọ̀ pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré!

Ó ní ṣé gbogbo ohun tí a fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ọ̀kan náà ni? Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Chrome, Edge, Opera àti Brave, orí Chromium, ìpìlẹ̀ kan tí Google ń darí, ni wọ́n kọ́ gbogbo wọn lé. Ìpìlẹ̀ mìíràn tó ń jẹ́ Gecko ni Firefox ń lò ní tirẹ̀, ilé-iṣẹ́ Mozilla ló sì ń tọ́jú rẹ̀. Ọdún 2004 ni ẹ̀dà 1.0 Firefox jáde. Èmi ò fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo máa pinnu bí gbogbo ayé ṣe máa lo íntánẹ́ẹ̀tì. (Brave náà dáa o. Òun ni mo fi sórí fóònù màmá wa, torí ó ń dí ìpolówó fúnra rẹ̀.)

Mo bá a gbé Firefox sórí fóònù tirẹ̀, mo gbé ibi tí a ń kọ àdírẹ́sì sí wá sísàlẹ̀ kí àtàǹpàkò rẹ̀ lè tó o. Ó ti ń bèèrè bó ṣe máa kó páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ wá síbẹ̀.