Kindle, Kobo àti àwa tá a fẹ́ràn ìwé Yorùbá

Àwọn tó ń lo ẹ̀rọ ìkàwé, Kindle tàbí Kobo, ti ń pọ̀ sí i láàárín wa o. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá ní in lọ́wọ́, ẹ mọ̀ pé èèyàn ẹ̀ kan ló fi ránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó, àmọ́ ní báyìí èèyàn lè rí tòkunbọ̀ ẹ̀ rà n'Íkẹjà. Wọ́n á sì máa bi mí pé “ṣebí fóònù wà lọ́wọ́ ẹ, kí lo tún fẹ́ fi èyí ṣe?” Ó yá, ẹ jẹ́ n dáhùn.

Fóònù, iná ló ń tàn jáde látinú síkíríìnì ẹ̀ sí èèyàn lójú. Ti Kindle yàtọ̀ pátápátá. Síkíríìnì E Ink ni wọ́n ń lò, àwọn horo tíntìntín ló wà nínú ẹ̀, dúdú àti funfun, wọ́n kó wọn sínú àwọn kápúsù tójú lásán ò lè rí, tó o bá ṣí ojú ewé tuntun iná mànàmáná á fa dúdú wá sókè níbi tí lẹ́tà máa wà, á fa funfun wá síbi tó kù, ó parí, wọn ò tún ní kúrò níbẹ̀ mọ́ àfi tó o bá ṣí òmíràn. Ìyẹn ni pé tó o bá tẹjú mọ́ ojú ewé kan fún odindi wákàtí, síkíríìnì yẹn ò jẹ iná kankan láti gbé lẹ́tà dúró. Ìdí nìyẹn tí ṣáàjì ẹ̀ fi lè lò tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹni tó bá ń gbé níbi tí NEPA ti ń mú iná lọ bó ṣe wù wọ́n mọ ohun tí mò ń sọ. Tó o bá sì gbé e sínú oòrùn ọ̀sán gangan, ńṣe ni lẹ́tà ẹ̀ á tún hàn kedere sí i, fóònù ò lè gbìyànjú ẹ̀ láé.

Kì í ṣe nǹkan àná o. Ọdún 1997 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ E Ink sílẹ̀ látinú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní MIT, yunifásítì kan l'Amẹ́ríkà, Sony gbé tiẹ̀ jáde ní Japan lọ́dún 2004, àmọ́ Kindle tí Amazon gbé jáde ní November 2007 ló gbajúmọ̀ jù, dọ́là 399 ni wọ́n ń tà á nígbà yẹn, kò sì tó wákàtí mẹ́fà tó fi tán lórí igbá.

Ó ní ohun tí mi ò fẹ́ nípa ẹ̀ ṣá. Lọ́dún 2009 Amazon yọ àwọn ìwé kan kúrò lórí Kindle àwọn tó ti sanwó ẹ̀, lóṣù kejì ọdún 2025 wọ́n tún pa ọ̀nà tí èèyàn fi ń da ìwé tó rà sórí kọ̀ǹpútà. Ìwé tí mo bá fowó mi rà, èmi fẹ́ kó jẹ́ tèmi. Torí ẹ̀, níbi tí wọ́n ti máa fún mi ní fáìlì ẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wá a lọ.

Màámi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọ́n fẹ́ràn ìwé gan-an àmọ́ ojú ò fẹ́ gbà mọ́, Bíbélì onílẹ́tà gàdàgbà nìkan ló kù tí wọ́n ń kà. Mo gbé Kindle mi lé wọn lọ́wọ́, mo ń mú lẹ́tà ẹ̀ tóbi sí i díẹ̀díẹ̀.

“Ṣé ó ti tó, Mà?”

“Má tíì dúró, ṣì fi kún un.”

Ìgbà tó ku bí ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré lórí ìlà kan, wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n gbé e sórí tábìlì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè ketekete bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì. Inú mi dùn dé ibi tí mi ò lè ṣàlàyé. Ni wọ́n bá ní, “Ti Yorùbá ńkọ́, kò sí níbẹ̀ ni?”

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Púpọ̀ nínú ìwé Yorùbá tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fọ́tò ojú ewé ni wọ́n yà tí wọ́n sọ di PDF, lẹ́tà ẹ̀ ò ṣeé mú tóbi bí mo ṣe ṣe fún Màámi, ńṣe lèèyàn á máa fà á sọ́tùn-ún sósì lórí síkíríìnì kékeré. EPUB la nílò, ìyẹn irú fáìlì ìwé tí lẹ́tà ẹ̀ ṣeé mú tóbi, Kobo ń kà á tààrà, Kindle náà á gbà á tó o bá fi Send to Kindle, ọ̀nà tí Amazon ṣe fún fífi ìwé sórí Kindle, ránṣẹ́. OkadaBooks tó máa ń ta ìwé àwọn ọmọ Nàìjíríà lórí fóònù sì ti kógbá sílé láti ìparí November 2023.

Wàhálà àmì ohùn tún wà. Lẹ́tà bíi ẹ́ tàbí ọ̀, tó lámì lókè tó tún lámì nísàlẹ̀, nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, kò sì ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún un, ó gbọ́dọ̀ to àmì lé lẹ́tà lórí ni, fọ́ǹtì (ìyẹn irú ìkọ̀wé tí ẹ̀rọ fi ń gbé lẹ́tà jáde) tí ò mọ̀ ọ́n tò á ju àmì síbòmíì tàbí kó gbé àpótí òfìfo sípò ẹ̀. Èyí ṣeé yanjú o: ẹ wa fọ́ǹtì bíi Charis SIL, Gentium tàbí Noto Serif, ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn, ẹ fi wáyà so ẹ̀rọ yín mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ kó o sínú fódà tí wọ́n ń pè ní “fonts” (tí kò bá sí lórí Kobo yín, ẹ ṣe é fúnra yín), kẹ́ ẹ wá yàn án níbi tẹ́ ẹ ti ń yan lẹ́tà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tẹ̀wé n'Íbàdàn àti l'Ékòó, ẹ jọ̀ọ́, fáìlì tẹ́ ẹ fi tẹ ìwé yẹn ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ sọ ọ́ di EPUB, ẹ ki fọ́ǹtì tó dáa sínú ẹ̀, ẹ fowó lé e. A máa rà á.